Ibi Tí Iṣẹ́ Dé Kí Iná Tó Lọ

Ṣọ́ọ̀kì funfun ni ọmọkùnrin tó ń lo ẹ̀rọ Kord nílé ìtẹ̀wé kan létí Bajulaiye, ní Ṣómólú, fi ń fa ìlà sára ẹ̀rọ náà. Ẹ̀rọ ọ̀hún, tí ilé iṣẹ́ Heidelberg ṣe ní Jámánì, dàgbà ju ọmọ tó ń lò ó lọ. Bó bá ti tẹ ẹgbẹ̀rún bébà kan tán, á fa ìlà kan. Bí NEPA bá mú iná lọ lójijì, kò ní da bébà sílẹ̀ kó máa kà á. Á wo iye ìlà tó wà lára ẹ̀rọ, á ka ìwọ̀nba tó lé lórí ìlà tó kẹ́yìn, ó parí. Mo bi í pé ta ló kọ́ ọ lọ́gbọ́n yìí. "Ọ̀gá mi ni, sà. Wọ́n ní bí mo bá tún jẹ́ kí wọ́n ka bébà lẹ́ẹ̀kejì, owó ọ̀sẹ̀ mi ni wọ́n máa fi san án."

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kò ju ìlà ṣọ́ọ̀kì yẹn lọ. Báwo ni iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tó gba ọgbọ̀n wákàtí ṣe ń parí ní àdúgbò tí iná kì í fi bẹ́ẹ̀ dúró fún wákàtí mẹ́ta? Bí ẹ bá bi àwọn ará ibẹ̀, jẹnẹrétọ̀, ínfátà àti sólà ni wọ́n máa kọ́kọ́ dárúkọ. Mi ò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti ń jókòó nídìí kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣètò ìwé fún títẹ̀ títí di òní, ohun tí mo rí ni pé owó tí à ń ná kí iná má baà lọ pọ̀ fíìfíì ju làákàyè tí à ń lò fún ìgbà tó bá lọ.

Ṣómólú ni ojúkò àwọn atẹ̀wé l'Ékòó. Láti Fádèyí dé Onípáànù dé Palmgrove, ohun tí ẹ bá fẹ́ tẹ̀ wà ńbẹ̀: kàlẹ́ńdà, ìwé ìpè ìgbéyàwó, pósítà olóṣèlú, rìsíìtì, prógíráàmù ìsìnkú. Ẹ̀rọ Kord àti GTO ṣì ń lù gbìn-ìn gbìn-ìn, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ló ń darí iṣẹ́ báyìí. Òun ló ń pín àwọ̀ sí mẹ́rin kí wọ́n tó ṣe pléètì, òun ló sì ń bá ẹ̀rọ DI àti ẹ̀rọ tó ń tẹ flex sọ̀rọ̀. Ní Bàrígà tí kò jìnnà, iṣẹ́ mìíràn ni. Yunifásítì Èkó tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1962 wà l'Akọ́kà nítòsí, yàrá àyágbé sì kún fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ríbùsùn nínú ọgbà. Ẹni kan ń to fídíò òde àríyá pọ̀, ẹni kan ń ṣe ìṣirò fún iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀, ẹlòmíì ń kọ́ kọ̀ǹpútà láti dá àwòrán tàbí èdè mọ̀. Iṣẹ́ ọ̀sán-tòru ni gbogbo rẹ̀, kò sì sí èyí tí NEPA mọ̀ nínú wọn.

NEPA ni a ṣì ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé NEPA tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1972 ti di PHCN ní 2005, tí wọ́n sì ti fa púpọ̀ nínú rẹ̀ lé àwọn aládàáni lọ́wọ́ ní 2013. Lábẹ́ Ikeja Electric ni Ṣómólú wà. Ní oṣù kẹrin 2024, wọ́n sọ owó iná àwọn tó wà ní Band A di 225 náírà fún yúnìtì kan, pẹ̀lú ìlérí pé iná kò ní dín ní ogún wákàtí lójúmọ́. Ẹ wo ogún wákàtí yẹn dáadáa. Bí ìlérí ọ̀hún bá tilẹ̀ ṣẹ láìyẹ̀, wákàtí mẹ́rin ṣì ń dúró de iṣẹ́ ọgbọ̀n wákàtí lójú ọ̀nà. Nígbà tó sì di oṣù kẹwàá ọdún náà, gbogbo okùn iná orílẹ̀-èdè yìí dákú lẹ́ẹ̀mẹta láàárín bí ọ̀sẹ̀ kan. Band A àti Band E tó wà nísàlẹ̀ pátápátá bára wọn nínú òkùnkùn. Bẹntiróòlù tí jálá rẹ̀ ṣì rọrùn díẹ̀ kí wọ́n tó yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún 2023 ti wọ 1,000 náírà lítà kan kí 2024 tó parí. Ẹni tó bá ní jẹnẹrétọ̀ lòun fi ń ṣiṣẹ́ mọ́jú, kí ó sọ iye tó ń pa lórí iṣẹ́ náà fún mi.

UPS wà lábẹ́ tábìlì nínú ọ̀pọ̀ ilé ìtẹ̀wé tí mo ti wọ̀. Wọ́n gbà pé iṣẹ́ rẹ̀ ni kó gbé kọ̀ǹpútà dúró títí ẹni tó ń fa okùn jẹnẹrétọ̀ á fi rí i kó dáhùn. Nínú páálí ọ̀pọ̀ UPS, wáyà USB kan máa ń wà. Bí ẹ bá so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, UPS á lè sọ fún un pé iná ti lọ, bátìrì kù díẹ̀, tọ́jú ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ kí o sì pa ara rẹ wọ́ọ́rọ́wọ́. Wáyà yẹn ṣì wà nínú páálí, páálí sì wà lókè kọ́bọ́ọ̀dù. Mi ò tíì rí ẹyọ kan tí wọ́n so rí.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ìyà Ṣómólú nìkan lèyí. ENIAC, kọ̀ǹpútà ràgàjì tí àwọn ará Amẹ́ríkà fi han aráyé ní 1946, ní gílóòbù tó lé ní 17,000 nínú, wọ́n sì ń jó lọ́kọ̀ọ̀kan lemọ́lemọ́. Èyí tó tún sún mọ́ wa ju ìyẹn lọ ni ti Meta tó ni Facebook. Ní 2024, wọ́n kọ ọ́ síta pé nígbà tí àwọn ń kọ́ ètò èdè àwọn, Llama 3 tó tóbi jù, lórí ẹ̀rọ ìṣirò H100 tó jẹ́ 16,384, iṣẹ́ náà dá dúró ní ìgbà 466 láàárín ọjọ́ 54. Nínú rẹ̀, 419 ni wọn ò retí. Ẹ pín in, ẹ ó rí i pé bí wákàtí mẹ́ta péré ni kí ohun kan tó tún dáṣẹ́ sílẹ̀. Ilé tí wọ́n kó ẹ̀rọ yẹn sí kò mọ NEPA, wọn kì í sì í fi jálá ra epo níbẹ̀. Pípọ̀ tí ẹ̀rọ pọ̀ ló fà á: bí ẹyọ kan bá ń bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan péré lọ́dún márùn-ún, ẹ kó 16,384 jọ, ẹ ó máa ka mẹ́sàn-án lójúmọ́. Síbẹ̀ wọ́n ní ó lé ní ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún àkókò náà tó jẹ́ àkókò iṣẹ́ gidi. Ìlà ṣọ́ọ̀kì, ìyẹn séèfù látìgbàdégbà, ló gbà wọ́n, òun àti ètò tó ń mọ̀ fúnra rẹ̀ pé ẹ̀rọ kan ti kú, tó ń yọ ọ́ kúrò, tó sì sábà máa ń padà síbi ìlà tó kẹ́yìn láìjẹ́ pé ẹnì kan ń jí lóru.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ń gbé yàrá kan ní Bàrígà, lápá ibi tó ń lọ sí Ìlàjẹ. Iṣẹ́ ìparí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni kó kọ́ kọ̀ǹpútà láti dá àmì ohùn padà sórí ọ̀rọ̀ Yorùbá tí wọ́n kọ láìfàmì sí. Aago mẹ́ta òru ló pè mí. "Ańkù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo jí yín. Wákàtí mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ló ti ṣe, iná bá lọ." Mo ní ṣé kò séèfù ni. "Mo séèfù, sà. Wákàtí wákàtí ló ń séèfù. Ìgbà tó ń séèfù lọ́wọ́ gan-an ni iná lọ. Fáìlì yẹn ò ṣí mọ́."

Fáìlì kan ṣoṣo ló ní, orí rẹ̀ náà ló sì ń kọ tuntun lé. Bí kọ̀ǹpútà bá fẹ́ kọ tuntun lé ògbólógbòó lórí báyẹn, ògbólógbòó ló máa kọ́kọ́ pa rẹ́. Láàárín ìgbà tí tàná ti pa rẹ́ tí tòní ò tíì kọ tán, kò sí nǹkan kan lọ́wọ́ yín. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, ṣùgbọ́n NEPA kì í yan ìṣẹ́jú. Obìnrin tó mọ̀ ọ́n sè kì í da ọbẹ̀ àná nù kí tòní tó jinná. Ohun tó yẹ kí ọmọ náà ṣe ni kó fi orúkọ mìíràn kọ tuntun, kó rí i pé ó dé orí dísìkì, kó tó wá pa orúkọ dà. Pípa orúkọ dà lórí dísìkì kan náà, ẹ̀ẹ̀kan ló ń ṣẹlẹ̀: yálà ó ti ṣẹ̀ tàbí kò tíì ṣẹ̀, kò sí àárín méjì tí iná ti lè ká a mọ́. Mo sọ pé "kó rí i pé ó dé orí dísìkì" nítorí kọ̀ǹpútà máa ń pa irọ́ kékeré kan. Á ní òun ti kọ ọ́, tó sì jẹ́ pé ọpọlọ rẹ̀ ló ṣì wà, pẹ̀lú èrò pé òun á kọ ọ́ bó bá ráyè. Àṣẹ kan wà tí olùkọ ètò fi ń fi dandan mú un pé kó kọ ọ́ nísinsìnyí. Ọgbọ́n kan tó fara jọ ìyẹn ló wà nínú NTFS tí Windows ń lò láti 1993, àti ext3 tó wọ Linux ní 2001. Kí wọ́n tó gbé ohunkóhun kúrò ní àyè rẹ̀, wọ́n á kọ́kọ́ kọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe sínú ìwé kékeré kan. Bí iná bá lọ tó sì dé, ìwé yẹn ni wọ́n á kọ́kọ́ ṣí. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Kọ̀ǹpútà tó bá ti gbọ́n, àgbà ni.

Ọmọ náà rí fáìlì kan tó ti dà kọ sínú fúláàṣì lọ́jọ́ tó ṣáájú. Inú wa dùn títí a fi ṣí i. Ohun tí ẹ̀rọ ti kọ́ sórí wà níbẹ̀, àmọ́ kò sí ibi tó ka ìwé dé, kò sí ìwọ̀n ìyára tó fi ń kẹ́kọ̀ọ́, kò sí bó ṣe po àwọn gbólóhùn pọ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́ tó rántí gbogbo ohun tó kà tí kò sì mọ ojú ìwé tó kàn ló rí. Ó lè máa bá a lọ, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò ní jẹ́ iṣẹ́ kan náà mọ́, olùkọ́ rẹ̀ sì máa bi í.

Ìbéèrè tó wá tẹ̀ lé e ni pé ẹ̀ẹ̀melòó ni kéèyàn máa séèfù. Bó bá pọ̀ jù, àkókò iṣẹ́ á bá séèfù lọ. Bó bá kéré jù, ìgbà tí iná bá lọ lẹ máa tó mọ̀. John Young fún wa ní ìṣirò kan ní 1974 tí àwọn tó ń bójú tó ẹ̀rọ ńláńlá ṣì ń lò, ó sì rọrùn débi pé èèyàn lè ṣe é lẹ́yìn rìsíìtì. Ẹ sọ iye ìṣẹ́jú tí séèfù kan ń gbà di ìlọ́po méjì. Ẹ fi iye ìṣẹ́jú tó sábà máa ń wà láàárín ìlọ iná kan sí èkejì sọ ọ́ di púpọ̀. Ẹ wá wá nọ́ńbà tó jẹ́ pé bí ẹ bá fi òun náà sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, iye yẹn ló máa jáde. Ká ní séèfù gba ìṣẹ́jú méjì, tí iná sì ń lọ ní wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin: 960 ló jáde. 31 lọ́nà 31 jẹ́ 961. Ẹ máa séèfù ní ìṣẹ́jú 31-31. Ká wá ní iná bàjẹ́ débi pé wákàtí kọ̀ọ̀kan ló ń lọ, ìṣirò náà á sọ ọ́ di bí ìṣẹ́jú 15. Iná tó burú ní ìlọ́po mẹ́rin, ìlọ́po méjì péré ló fi kún wàhálà séèfù. Mo fẹ́ràn ìṣirò yìí gan-an, torí ó sọ fún wa pé ìlú tó burú kò fi bẹ́ẹ̀ ṣòroó gbé bí ẹ bá mọ bó ṣe burú tó. Mo ní kí ọmọ náà máa kọ aago tí iná lọ àti aago tó dé sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Bírò ló mú, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló ń kọ ọ́ sí.

Iṣẹ́ kan wà tí kò ṣeé séèfù láàárín. Àwọn tó ń ṣe fídíò ìgbéyàwó mọ èyí: ẹ tẹ bọ́tìnnì pé kó yọ fídíò wákàtí mẹ́rin jáde, bó bá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí iná lọ, fáìlì tó wà nílẹ̀ kò wúlò fún nǹkan kan. Ọ̀nà tó wà ni pípín. Ilé alámọ̀ tí àwọn baba wa ń mọ, ipele ni wọ́n ń mọ ọ́. Wọ́n á mọ ọ̀kan yíká, wọ́n á jẹ́ kó gbẹ, kí wọ́n tó gun orí rẹ̀. Òjò ọ̀sán kan kì í bà ju ipele tó wà lókè pátápátá jẹ́. Ẹ yọ fídíò náà ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá, kí ẹ wá lẹ̀ wọ́n pọ̀. Àwọn tó ń fi Blender ya eré àwòrán ti mọ̀ pé kí wọ́n yọ ọ́ ní àwòrán kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe fídíò odidi. Jeffrey Dean àti Sanjay Ghemawat ti Google kọ irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ síta ní 2004, wọ́n pè é ní MapReduce: iṣẹ́ ńlá di ẹgbẹẹgbẹ̀rún èérún, èyí tí ẹ̀rọ rẹ̀ bá kú, kí wọ́n gbé e fún ẹ̀rọ mìíràn kó tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, torí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò jìnnà.

Ẹnì kan á ní ẹ gbé iṣẹ́ yín lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, níbi tí iná kì í ti í lọ. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Google Colab tó jẹ́ ọ̀fẹ́ kì í gbà yín ju wákàtí 12 lọ, ó sì lè lé yín jáde ṣáájú. Ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú tí Amazon ń pè ní spot, ìṣẹ́jú méjì péré ni wọ́n fi ń kì yín nílọ̀ kí wọ́n tó gbà á padà. (NEPA kì í tiẹ̀ kì wá nílọ̀ rárá, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́.) Ní 14 oṣù kẹta 2024, okùn mẹ́rin tó gba abẹ́ òkun, WACS, MainOne, SAT-3 àti ACE, já lápá Abidjan, ọ̀pọ̀ èèyàn ò sì rí íntánẹ́ẹ̀tì lò dáadáa l'Ékòó lọ́jọ́ náà. Ibikíbi tí ẹ bá gbé iṣẹ́ lọ, ẹ mú ṣọ́ọ̀kì dání.

Nílé ìtẹ̀wé kan tí mo ti ṣiṣẹ́ nígbà kan, a ń tẹ tíkẹ́ẹ̀tì fún bàsáà ìjọ kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú nọ́ńbà tirẹ̀. Iná lọ. Nígbà tó dé, ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ wo kọ̀ǹpútà, ó rí 4,210, ó bẹ̀rẹ̀ láti 4,211. Kò mọ̀ pé kọ̀ǹpútà ti rán àádọ́ta lé e lórí sí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kí iná tó lọ, wọ́n sì ti jáde. Lọ́jọ́ bàsáà, wọ́n pe nọ́ńbà ẹni tó jẹ fíríìjì. Ìyá kan dìde níwájú, ọkùnrin kan dìde lẹ́yìn. Ẹ lè fojú inú wo bó ṣe parí. Bí a bá rántí ibi tí a dé, a tún gbọ́dọ̀ rí i pé ohun tí a bá tún ṣe lẹ́ẹ̀kejì kò ní di méjì. Àwọn oní-POS mọ ìrora yìí: nẹ́tíwọ́ọ̀kì já, wọ́n tún káàdì fà, owó yọ lẹ́ẹ̀mejì. Oògùn rẹ̀ ni kí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀ tí kì í yí padà, kí ẹni tó ń gba iṣẹ́ sì máa wò ó pé, "èyí ò ti wọlé tẹ́lẹ̀?"

Gbogbo èyí, ikú òjijì ni. Iná lọ, a rí i, a kígbe. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni iṣẹ́ tí kò dúró níbì kankan, tó parí, tí kò sì tọ́. Ní oṣù karùn-ún 2025, èsì UTME, ìdánwò àtiwọ yunifásítì, jáde, àwọn òbí pariwo. Ní ọjọ́ 14 oṣù náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Oloyede tó jẹ́ ọ̀gá àgbà JAMB nígbà náà sọ fún àwọn oníròyìn pé àṣìṣe ti ba ìdánwò jẹ́ ní ibùdó 157, ní Èkó àti ìpínlẹ̀ márùn-ún ti gúúsù ìlà-oòrùn, akẹ́kọ̀ọ́ 379,997 ló sì máa tún un ṣe. Ó sunkún níbẹ̀. Ẹ̀rọ kankan kò kú. Àtúnṣe tí wọ́n ṣe sí ètò ni kò dé orí àwọn sáfà tó ń bójú tó apá ibẹ̀, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ lọ bí ẹni pé kò sí nǹkan. Àwọn tó dá SETI@home sílẹ̀ ní 1999, tí wọ́n ń pín iṣẹ́ fún kọ̀ǹpútà àwọn ẹni ẹlẹ́ni káàkiri ayé, rí i pé àwọn ò lè gba ọ̀rọ̀ ẹnì kan gbọ́. Wọ́n ń fún kọ̀ǹpútà tó ju ẹyọ kan lọ ní iṣẹ́ kan náà, bí ìdáhùn wọn bá ṣe déédéé ni wọ́n tó gbà á. Ẹ̀rí ẹni méjì ni. Ó gba ìlọ́po méjì àkókò, mi ò sì ní kí atẹ̀wé pósítà ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń ka èsì ìdánwò ọmọ ọlọ́mọ, òun ni mò ń bá wí.

A sì tún máa ń di gbogbo ẹ̀bi ru NEPA. Jim Gray, tó ń ṣiṣẹ́ ní Tandem, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe kọ̀ǹpútà oníbejì, tí ọ̀kan ń ṣọ́ èkejì kó lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bó bá ṣubú, ṣàyẹ̀wò ní 1985 ohun tó ń dá ẹ̀rọ àwọn oníbàárà wọn dúró. Iná àti àyíká kò ju ìdá 14 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, ara ẹ̀rọ jẹ́ 18, ètò inú rẹ̀ 25. Ìdá 42 wá láti ọwọ́ àwọn tó ń tọ́jú ẹ̀rọ. L'Ékòó, ìdá ti iná á ju bẹ́ẹ̀ lọ dájúdájú. Ṣùgbọ́n wáyà tó wà nínú páálí lókè kọ́bọ́ọ̀dù, kì í ṣe NEPA ló gbé e síbẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìpè òru yẹn, mo yà sọ́dọ̀ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ti kún fún aago. Iná ti lọ láti ọ̀sán, ó dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, ara rẹ̀ balẹ̀ bí ẹni tí kò ní gbèsè. Láago mẹ́sàn-án kọjá díẹ̀, àwọn ọmọdé inú kọ́ńpáàǹdì kígbe "Ọ́ọ̀pù NEPA!" Fáànù bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Kọ̀ǹpútà tan fúnra rẹ̀, lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ ìlà kan hàn lójú rẹ̀ pé òun ń bẹ̀rẹ̀ láti ìgbésẹ̀ 41,300. Ó dìde, ó wo aago, ó mú bírò, ó kọ ọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó sì padà sùn.